Kì í Ṣe Pé Máṣíìnì Yín Ti Gbó, Nọ́ọ̀tì Tó Dẹ̀ Ló Ń Mu Epo Yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìkálẹ̀! Gbólóhùn kan wà tó ti sú wa láti máa gbọ́, ní Òkìtìpupa, ní Ìgbótako, ní Ìlútìtun, títí dé Ìrèlè. Bí a bá ti bi àgbẹ̀ kan léèrè ìdí tí owó ẹyìn rẹ̀ fi ń parí sórí epo máṣíìnì, ohun tí yóò sọ ni pé, "Ó ti gbó ni jàre. Máṣíìnì àtijọ́, bó ṣe máa ń mu epo nìyẹn."

A ò gbà. Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe àwọn àgbẹ̀ wa ní jàǹbá, a sì fẹ́ bá a jà lónìí.

Ẹ wo ibi tó ń gbé wa dé. Ẹni tó bá ti gbà pé máṣíìnì òun gbó kì í tọ́jú rẹ̀ mọ́. Á tà á ní owó pọ́ọ́kú, á lọ gba tuntun ní àwìn, á máa san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ bá pé tí kò sí owó lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ orí ilẹ̀ ni yóò fojú winá. Ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó, tó yẹ kí ìyàwó rẹ̀ fi ṣe gàrí tàbí pupurú, ni yóò pe oníbàárà sí pé kó wá rà lórí ìdúró. Kí ọdún tó yípo, máṣíìnì tuntun náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, nítorí ọ̀nà kan náà ló ń gbà, ẹrù kan náà ló ń gbé, àìtọ́jú kan náà ló sì ń jẹ.

Àwọn kan á ní kí ló kan òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn pẹ̀lú ọ̀kadà, pé kí á máa sọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti irúgbìn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń gbé igi ẹ̀gẹ́ lọ sóko? Kí ló ń gbé ìdì ẹyìn jáde nínú igbó? Irinṣẹ́ oko ni máṣíìnì, bí àdá àti ọkọ́. Kò sì sí àgbẹ̀ tó ń sọ pé àdá òun ti gbó láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ pọ́n ọn wò.

A mọ̀ pé epo wọ́n, a ò ní ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà kan tí kò tó 200 náírà ní ilé epo ìjọba kó tó dọjọ́ náà di 617 náírà ní oṣù Keje ọdún yẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá 2024, ó ti tó nǹkan bí 1,000 náírà. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ wa ńkọ́? Nígbà tí epo ṣì pọ̀, máṣíìnì tó ń fi epo ṣòfò kò tíì dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, owó ilé-ìwé ọmọ ló ń fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní láti ilé yín dé oko jẹ́ kìlómítà 10, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 20. Ká ní máṣíìnì tí ara rẹ̀ le ń fi lítà kan rin kìlómítà 40: ìdajì lítà lójúmọ́ nìyẹn. Ká wá ní tiyín ti dẹ̀ débi pé kìlómítà 25 péré ló ń fi lítà kan rìn: 0.8 lítà nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ 0.3 lítà, kò kún ìgò kóòkì kékeré kan. Tí ẹ bá ń lọ sóko ní ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ó di 1.8 lítà. Tí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, 1,800 náírà ló ń lọ lọ́sẹ̀ kan, 93,600 náírà sì ni lọ́dún. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta fìlítà, pọ́lọ́ọ̀gì àti ṣéènì, ẹ pa wọ́n pọ̀, kí ẹ wá sọ fún wa èwo ló wọ́n jù.

Ẹ lè mọ tiyín gan-an. Ẹ rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, ẹ gun máṣíìnì lọ síbi tí ẹ mọ iye kìlómítà rẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ tún rọ ọ́ dé ẹnu kan náà, kí ẹ wo iye lítà tó gbà. Ẹ fi lítà yẹn pín kìlómítà tí ẹ rìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ iye tí máṣíìnì rẹ̀ ń mu kò lè mọ̀ bóyá àtúnṣe tó sanwó fún ṣiṣẹ́.

Ibi tí àwa àti ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-to nìyí. Kì í ṣe gbogbo wọn o, àwọn tó mọṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé máṣíìnì tó ń mu epo dé ọ̀dọ̀ àwọn kan lójú ọ̀nà, kábúrétọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Wọ́n á yí sikúrù, wọ́n á mú wáyà, wọ́n á fi gún ojú jẹ́ẹ̀tì. Ihò jẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ́n wọ̀n ọ́n ni kó tó jáde ní ilé iṣẹ́. Tí wáyà bá ti fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, epo tó ń wọlé á máa pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí sikúrù tó lè dá a padà.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà oko wa kún fún kòtò, gbòǹgbò igi àti afárá pákó. Gbígbọ̀n yẹn á dẹ nọ́ọ̀tì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ férémù. Tí ìyẹn bá ti dẹ̀, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á sì dẹ èyí tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn á wá máa gba ibẹ̀ wọlé lẹ́bùrú. Máṣíìnì á máa wúkọ́, á máa kú tí ẹ bá dúró. Mẹkáníìkì á ní epo ò tó o, á ṣí epo sí i. Ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n owó yín ti ń jó. Nọ́ọ̀tì ló dẹ̀, epo ni wọ́n fi wò ó. Ṣebí ohun tí àwọn àgbà ń pè ní fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn?

Nítorí náà, nǹkan méjì kọ́ ni máṣíìnì tó ń ró wooro-wooro àti máṣíìnì tó ń mu epo. Àìsàn kan náà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí kábúrétọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

1. Táyà. Tí atẹ́gùn rẹ̀ kò bá tó, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fọgànáísà fi géèjì wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ẹsẹ̀ ta á kí ẹ ní ó tó.

2. Ìjánu. Ẹ gbé máṣíìnì sórí ìdúró rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Tí kò bá yí wẹ́rẹ́, ìjánu ti ń fà á mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ ń fún un lépo, ẹ sì ń dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

3. Ṣéènì. Ẹ fọwọ́ gbé àárín rẹ̀ sókè sódò: ó yẹ kó rìn tó sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Tó bá le jù, ó ń jẹ agbára. Tó bá dẹ̀ jù, ó lè já bọ́ lójú ọ̀nà. Tó bá ti dípẹtà, ẹ nù ún, ẹ ta ọ́ìlì sí i.

4. Fìlítà. Eruku ilẹ̀ pupa wa nígbà ọyẹ́ kì í ṣeré. Tí fìlítà bá dí, atẹ́gùn ò ní tó, epo á pọ̀ jù, èéfín á dúdú. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á, ẹ sì fún un dáadáa. Tó bá jẹ́ oníbébà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ yọ ọ́ dànù pé kí ẹ́ńjìnnì lè mí, yanrìn ni ẹ ń bọ́ ẹ́ńjìnnì yín.

5. Pọ́lọ́ọ̀gì. Ẹ tú u wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn díẹ̀, tó sì ti tutù. Tí ẹnu rẹ̀ bá rí bí àwọ̀ erùpẹ̀, ó dáa. Tó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Tí ọ́ìlì bá wà lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, a ó dé ibẹ̀.

6. Kílọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké ramúramù tí máṣíìnì ò sáré tó igbe rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀. Ẹ wò ó bóyá okùn rẹ̀ ló le jù.

7. Jíjò. Ẹ wo abẹ́ kábúrétọ̀ àti okùn epo láàárọ̀. Ilẹ̀ tó bá tutù ti jẹ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ọ̀tì. Sípánà nọ́ńbà 10, 12, 14 àti 17 ni yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú tinú férémù, ti kábúrétọ̀, ti sàléǹsà, ti kárià àti ti ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ táìtì wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi agbára gbígbẹ́ ebè ṣe é, torí ara ẹ́ńjìnnì kì í ṣe irin líle, ojú nọ́ọ̀tì ibẹ̀ lè jẹ. Níbi tó bá ti máa ń tú, ẹ fi wáṣà onísípíríìnì sí i. Kí ẹ wá mú kúteẹ̀sì tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná, ẹ fi fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó dúró lé. Lọ́jọ́ tí ìlà yẹn bá yẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé nọ́ọ̀tì ti rìn.

Tí ẹ bá fura sí ibi tí kábúrétọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ tan máṣíìnì ní gbangba, kí ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ pa ojú ibẹ̀. Tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má fi bẹntiróòlù dán an wò o, iná ni yóò sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi rọ́bà àti wáyà so máṣíìnì bí ẹni di ẹrù igi, ẹ̀yin gan-an la ń bá wí. Rọ́bà kì í mú nǹkan le, ńṣe ló ń bo ariwo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ariwo yẹn ìkìlọ̀ ni. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iwájú tó bá tú lórí afárá pákó, tí ìyá ọmọ wà lẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ gàrí, kì í ṣe epo nìkan ni yóò gbà lọ́wọ́ yín.

Ṣé máṣíìnì kì í gbó rárá ni? Ó ń gbó, a ò ní purọ́ fún yín. Tí èéfín búlúù bá ń jáde lára Boxer tàbí TVS yín, tó ń mu ọ́ìlì, tí pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ sì ń tutù fún ọ́ìlì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ. Kò sí nọ́ọ̀tì tó máa wo ìyẹn sàn. (Ti àwọn tó ń po ọ́ìlì mọ́ epo yàtọ̀, èéfín díẹ̀ kì í ṣe àìsàn fún wọn.) Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ yẹ ìwọ̀nba wọ̀nyí wò tán kí ẹ tó dájọ́ ikú fún un.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá owó ra oògùn apakoríko, ẹ dá owó ra sípánà kan àti páǹpù kan sí ilé ìpàdé. Ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ tó jókòó, kí oníkálukú yẹ máṣíìnì rẹ̀ wò fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin bàbá wa tí ojú yín ò ríran dáadáa mọ́, ẹ pe àwọn ọmọkùnrin yín, kí wọ́n kọ́ ọ.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ mú nọ́ọ̀tì yẹn le lónìí, kí ẹ má bàa ta ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó nítorí rẹ̀ lọ́la. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kan tó ń gun máṣíìnì.