Bí Ọmọ Bá Ní Ẹ̀yìn Ń Dun Òun



Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ṣíwọ́ títọ̀ sílé bá tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ni yóò kọ́kọ́ bínú. Bí ó bá ń wọ́ ẹsẹ̀, a ó ní ó ń ṣọ̀lẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe sùúrù. Bí ẹ̀yìn bá ń dun ọmọ tí kò jẹ́ kí ó sùn lóru, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tí kò sì lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ó lè jẹ́ pé kókó kan ló ń fún okùn iṣan tó ti inú ọpọlọ gba inú eegun ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Kókó bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n àìtètè mú olè, olè ń mú olóko: iṣan tí a fún pẹ́ lè má sọjí mọ́. Bí ẹ bá rí àmì wọ̀nyí, ẹ gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an.

Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní London ní 1887, Victor Horsley yọ irú kókó yìí lára ọkùnrin kan tí kò lè rìn mọ́. Ọkùnrin náà sì tún rìn. Nílé wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ní UCH Ìbàdàn ní 1962. Lóde òní, ẹ̀rọ MRI ni yóò fi ibi tí kókó wà hàn. Oníṣẹ́ abẹ yóò ṣí díẹ̀ lára eegun, yóò sì yọ kókó náà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ mìíràn ń ṣọ́ iṣan. Nígbà mìíràn, wọn a fi díẹ̀ sílẹ̀ kí iṣan má baà bàjẹ́. Hospital for Sick Children ní Toronto wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe é fún ọmọdé.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta: kí ni a ó jèrè, kí ni ó léwu níbẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é? Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn dókítà kò bá yé yín, ẹ bèèrè ògbufọ̀. Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ àìsàn ara rẹ̀.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un. Òfin Ontario ti ọdún 1996 kò fi ọjọ́ orí ṣe òṣùwọ̀n: ọmọ tí ó bá lóye ìtọ́jú náà àti ohun tí ó lè tìdí rẹ̀ yọ ni yóò fúnra rẹ̀ gbà tàbí kọ̀. Ọmọ tí a kò bá sọ̀rọ̀ nílé, lẹ́nu àlejò ni yóò ti gbọ́ ọ.