Mílíọ̀nù Mélòó Nínú Mílíọ̀nù Mélòó?

Ẹ ó ti gbọ́ ọ lórí rédíò tàbí lẹ́nu oníwàásù pé 10.5 mílíọ̀nù ọmọ Nàìjíríà ni kò sí nílé ẹ̀kọ́. Láti ọdún 2022 ni iye mìíràn tún ti gba ìgboro: 20 mílíọ̀nù. Ṣé ìṣòro náà ti di ìlọ́po méjì ni?

Iye àkọ́kọ́, ti àjọ UNICEF, dá lórí ọmọ ọdún 5 sí 14. Ìkejì, ti UNESCO, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 6 títí dé 18. Ẹni tí ó fi igbá bu gààrí lánàá, tí ó fi garawa bù ú lónìí, kò lè torí ìyẹn sọ pé gààrí inú àpò ti pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìkànìyàn ọdún 2006, tí ó ka 140,431,790 ènìyàn. Àwọn ọmọ ọdún 5 sí 9 jẹ́ 20,005,380. Ti ọdún 10 sí 14 jẹ́ 16,135,950. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 36,141,330. Bí a bá fi 10.5 mílíọ̀nù wé èyí, ó tó ọmọ 29 nínú 100. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti pọ̀ sí i kí iye UNICEF tó jáde, nítorí náà ìdá tòótọ́ kéré sí èyí. Ọjọ́ orí pàápàá kò dájú tán: òbí tí kò kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀ a máa dárúkọ ọdún 5 tàbí 10 ṣáá. (Àwọn àgbà wa yóò rántí ayé ìgbà tí a ń na ọwọ́ kọjá lórí láti fi kan etí kí wọ́n tó gbà wá sílé ìwé!)

Ìkànìyàn tí wọ́n fi sí ọdún 2023 kò wáyé. Ọmọ tí a bí ní 2006 ti tó ìbò dì, síbẹ̀ ìfojúdíwọ̀n tí a gbé ka orí ìkànìyàn ọdún náà ni a ṣì ń lò.

Èyí tí ó kan àwa Mùsùlùmí jù ni pé ọmọ tí ń ké kéwú nìkan ní òkè Ọya, tí a kò kọ́ ní ìṣirò àti ìwé kíkà, wà lára àwọn tí ìjọba kà sí ọmọ tí kò sí nílé ẹ̀kọ́. N kò rí àléébù nínú ìyẹn, bí wọ́n bá lè sọ iye wọn lọ́tọ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò, tí yóò lọ bá a nídìí wàláà rẹ̀. Ọmọ tí ń kiri ọjà nílò ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba igbá lórí rẹ̀.