Ẹni tó fẹ́ ki transfer automatic bọ inú Hilux àtijọ́, kó kọ́kọ́ ṣírò owó rẹ̀

Tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú ní agbègbè Ìdànrè, Òkè-Igbó àti àwọn abúlé tó wà láàárín Oǹdó sí Òrè, ẹni tó ń kó kòkó, epo pupa tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde láti oko mọ̀ pé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá lè fà á, ọ̀nà ni yóò sùn. Ìdí nìyẹn tí ògbólógbòó Hilux, èyí tí Toyota ti ń ṣe irú rẹ̀ tó ní four-wheel láti ọdún 1979, fi wúlò fún oníṣòwò kékeré tí kò lówó ọkọ̀ tuntun. Àmọ́ ìmọ̀ràn kan wà tó máa ń dùn létí: kí wọ́n yọ transfer àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi èyí tó jẹ́ automatic sí i, kí awakọ̀ má baà máa fa ọ̀pá gíà mọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Fún ọ̀pọ̀ oníṣòwò, iṣẹ́ yìí kò tó owó tí yóò jẹ.

Ó dáa kí ẹni tó ni ọkọ̀ mọ ohun tó fẹ́ yọ dànù. Nínú Hilux àtijọ́, ọ̀pá gíà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Èyí tó kéré ni wọ́n kọ H2, H4 àti L4 sí. Tó bá wà ní H2, taya ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀ lọ. Tí awakọ̀ bá fà á sí H4, transfer, ìyẹn àpótí irin tó wà lẹ́yìn gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì, yóò so iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi okùn kan ṣoṣo dè wọ́n. L4 ni ti ibi tó burú jù, níbi tí agbára yóò ti di ìlọ́po 2.28. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, eyín irin ló ń yí eyín irin.

Àléébù rẹ̀ kò farasin. Tí awakọ̀ bá gbàgbé rẹ̀ sí H4 lórí ọ̀dà gbígbẹ, wàhálà dé. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, taya iwájú máa ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí transfer kò sì fún wọn láyè láti yàtọ̀ síra, taya yóò máa ha ilẹ̀, propeller àti axle yóò sì máa lọ́ ara wọn títí tí nǹkan kan yóò fi kán. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti sanwó irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé ìgbàgbé awakọ̀ ló fà á.

Ti automatic yàtọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ló ń ka bí propeller iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣe ń yí. Tí kọ̀ǹpútà kékeré kan bá rí i pé ti ẹ̀yìn ti ń sáré ju ti iwájú lọ, ó mọ̀ pé taya ẹ̀yìn ti ń yọ̀ nìyẹn, yóò sì ní kí clutch inú transfer di mú kí agbára lè dé iwájú. Ford ti ń lo irú rẹ̀ nínú Explorer láti ọdún 1995, General Motors sì fi tiwọn, NP246, sínú Tahoe àti Silverado ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ara irú àwọn ọkọ̀ tokunbo báwọ̀nyí ni wọ́n ti ń tú transfer automatic tí èèyàn ń bá pàdé ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ní Agodi Gate n'Ìbàdàn.

Ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ ni pé rírà kọ́ ni wíwọlé. Láàárín ọkọ̀ General Motors fúnra wọn, ọ̀pá tó ń jáde lára gíà kan ní eyín 27, ti gíà mìíràn tó lágbára jù ú lọ ní 32; èyí kò lè wọ ìyẹn. Ibi tí propeller iwájú ti ń jáde náà gbọ́dọ̀ bá ẹ̀gbẹ́ tí axle iwájú wà mu. Lára pick-up ńlá Chevrolet, ọ̀tún ló wà tẹ́lẹ̀, òsì ni wọ́n gbé e sí nígbà tí wọ́n pààrọ̀ àwòṣe rẹ̀ lọ́dún 1988. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí láàárín ọmọ ìyá kan náà, èló ló máa wá jẹ́ láàárín Chevrolet àti Toyota? Wọ́n ní láti lọ gé irin tuntun tí yóò so gíà àti transfer pọ̀, kí wọ́n gé propeller méjèèjì, kí wọ́n jó o, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò pé kò gbọ̀n nígbà tó bá ń sáré. Lẹ́yìn ìyẹn ni oníná mọ́tò yóò wá wáyà, sẹ́ńsọ̀ àti kọ̀ǹpútà fún ọkọ̀ tí kò ní ọ̀kankan rí.

Ohun tí ẹni tó ń ta transfer kì í sábà sọ ni ti taya iwájú. Hilux àtijọ́ ní ohun kan lójú ìdí taya iwájú tí wọ́n ń fọwọ́ yí sí FREE tàbí LOCK. Tó bá wà ní FREE, axle àti propeller iwájú ń sinmi. Tí wọ́n bá fẹ́ kí automatic ṣiṣẹ́, wọn kò lè yí i sí FREE mọ́. Gbogbo irin iwájú yóò máa yí láti àárọ̀ dalẹ́, yálà ọ̀nà dáa tàbí kò dáa. Irin tó ń yí ń jẹ, ó sì ń gba epo. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí oníṣòwò tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ti taya fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olówó kékeré ló ń ra taya tokunbo ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, èyí tó ti jẹ pẹ̀lú èyí tó ṣì ga. Transfer àtijọ́ lè fara dà á tó bá wà ní H2. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé taya ló yàtọ̀. Ohun tó rí ni pé ọ̀kan ń sáré ju ìkejì lọ, yóò sì máa pa clutch pọ̀ títí yóò fi gbóná, tí yóò fi jóná. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àní NP246 tó wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe é fún gan-an ní àìsàn tirẹ̀: ohun tó ń fa ọ́ìlì nínú rẹ̀ máa ń ha ara àpótí náà títí tí yóò fi lu, ọ́ìlì á sì máa jò díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkọ̀ kan ń mú 30,000 náírà wálé lóòjọ́ lẹ́yìn epo àti owó awakọ̀. Tó bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tí wọ́n yọ ọjọ́ Àìkú kúrò, ọjọ́ 18 ló sọnù, ìyẹn 540,000 náírà, kí wọ́n tó ka owó transfer àti ti iṣẹ́ ọwọ́. Owó dọ́là sì ni wọ́n fi ń kó tokunbo wọlé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú owó náírà sílẹ̀ fún ọjà, iye owó àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Tí sẹ́ńsọ̀ kan bá kú nínú igbó, mẹkáníìkì abúlé tó mọ Hilux bí ẹní mọ owó kò ní í mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé automatic kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ ń yí láti ọ̀dà sí ẹrọ̀fọ̀ ní gbogbo ìgbà, tí awakọ̀ rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ọwọ́, lè jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sàn kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi owó pa mọ́ fún ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe é sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá ju kó ki orí ẹran kan bọ ọrùn ẹran mìíràn lọ.

Fún àwọn tó kù, owó náà yóò ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n bá fi ra taya mẹ́rin tó bára mu, tó ní eyín gidi fún ẹrọ̀fọ̀, tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì transfer àti ti axle méjèèjì, tí wọ́n tún ibi LOCK àti FREE ṣe kó lè máa yí dáadáa, tí wọ́n sì fi ọjọ́ kan kọ́ awakọ̀ ní ìgbà tó yẹ kó wọ H4 àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Iná kékeré kan tí yóò máa tàn níwájú awakọ̀ nígbàkígbà tí H4 bá wà lẹ́nu iṣẹ́ kò wọ́n, oníná mọ́tò èyíkéyìí ló lè ṣe é. Ìgbàgbé ló fa ìṣòro látilẹ̀. Ohun tó ń ránni létí sì ni oògùn rẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọkọ̀ tó ti ń gbé kòkó dé ọjà láti ọjọ́ pípẹ́ kò bèèrè fún ọpọlọ tuntun, ìtọ́jú ló ń bèèrè.