Nínú Ilé Ìdáná: Edé Oníyọ̀ Olóyin fún Oúnjẹ Alẹ́

Ní Iffe níbí, ní ilẹ̀ Ìjùmú, "Okun" ni a fi ń kí ara wa. Kíkí yìí náà ni ó sọ àwa Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ di ará Okun lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n òkun gan-an, òkun oníyọ̀ tí edé ń gbé, jìnnà sí wa gidigidi. Edé tí àwọn ìyá wa mọ̀ ni edé gbígbẹ, èyí tí àwọn obìnrin Ìlàjẹ ní etí òkun Oǹdó àti àwọn ará Oron ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom fi èéfín yan, tí a dì sínú àpò, tí ó sì gun ọkọ̀ kọjá ìlú púpọ̀ kí ó tó bọ́ sórí àtẹ ní ọjà Kábà. A ń lọ̀ ọ́, a ń bù ú sí ọbẹ̀, a kì í sì bi í léèrè ibi tí ó ti wá.

Bẹ́ẹ̀ ni edé ti sọ ilẹ̀ odidi kan lórúkọ. Ní nǹkan bí ọdún 1472, àwọn atukọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Pọtogí dé ẹnu odò Wouri, wọ́n sì bá edé níbẹ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi pe omi náà ní Odò Edé ní èdè tiwọn, Rio dos Camarões. Láti inú orúkọ yìí ni orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ti gba tirẹ̀.

Lóde òní, ẹni tí ó bá ti Èkó tàbí Abuja bọ̀ lè gbé edé tútù inú yìnyín wá sí ilé. Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá lóṣù yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ń wọlé, ọmọ ń ké, ọkọ ń wo ojú yín, iṣu kò sì tíì bọ́ sórí iná. Oúnjẹ tí mo fẹ́ sọ yìí, tí ó ní adùn oyin tí ó sì mú iyọ̀ àti ata dání, kò gbà ju bí ìdajì wákàtí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe bà á jẹ́ fún yín.

Ọdún kejì tí mo wọ ilé ọkọ ni ọkọ mi ti Èkó dé pẹ̀lú edé tútù kìló kan, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo agbo ilé. Ìyá ọkọ mi wà nílé, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi méjì náà sì wà níbẹ̀. Èmi tí n kò sè é rí, mo ṣe é bí ẹni ń se ẹran òbúkọ. Mo dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú omi àti iyọ̀, mo koná mọ́ ọn, mo sì bọ́ sí ìdí odó láti gúnyán. Nígbà tí mo fi padà dé ìdí rẹ̀, ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Edé tí ó tó àtàǹpàkò ti sún kì bí ìka ọmọ ọwọ́, ó sì le bí awọ bàtà. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́ pẹ́ títí, ó wá ní, "Ìyàwó, o kú iṣẹ́. Ẹran omi yìí lágbára o." Títí di òní, bí ohunkóhun bá le jù lẹ́nu àwọn ọmọ mi, wọ́n á ní, "Ó lágbára o."

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ẹran ara edé kò rí bí ti ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹran òbúkọ ní iṣan líle tí iná gbọ́dọ̀ bá jà pẹ́ kí ó tó rọ̀. Ti edé kò tó nǹkan. Bí iná bá ti kàn án, omi ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí ó bá sì pẹ́ níbẹ̀, kò ní ku nǹkan kan bí kò ṣe líle. Àwọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ fún yín. Edé tútù a máa ní àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa kan sá pamọ́ sínú rẹ̀, tí èròjà kan nínú ara rẹ̀ dì mú. Ooru iná ni ó ń tú u sílẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ti pọ́n, tí kò hàn kedere bí gíláàsì mọ́, tí ó sì tẹ̀ bí òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó ti jinná nìyẹn. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni. Bí ó bá ti ká kò bí òrùka, ẹ ti pẹ́ jù.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, imú yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Edé tí ó dára ń rùn bí omi òkun díẹ̀. Bí ó bá ń ta yín nímú bí ìtọ̀, tàbí tí ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ rọ̀ tó. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún èyí tí ó ti yọ́ rí tí wọ́n tún dì padà, nítorí iná mànàmáná wa tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọn a sábà lẹ̀ mọ́ ara wọn bí òkúta kan. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ má sá a sí oòrùn kí ó lè yọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì sè é lọ́jọ́ náà.

Fún ènìyàn mẹ́rin, ìdajì kìló edé tó. Iṣu ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kaná, nítorí òun ni ó ń pẹ́. Ẹ gé e sí kékeré kí ó lè tètè rọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ já orí edé, kí ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ la ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fa okùn dúdú tí ó wà níbẹ̀ jáde. Ìfun rẹ̀ ni, iyanrìn a sì máa wà nínú rẹ̀. Ẹ má da orí àti èèpo nù; ẹ kó wọn sọ́tọ̀. Ẹ ṣan edé náà, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀ gbẹ dáadáa. Ìyàwó tí ó bá fo èyí, edé rẹ̀ kò ní dín, ńṣe ni yóò máa hó nínú omi ara rẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ pa á lára.

Ẹ wá po oyin ṣíbí ìjẹun méjì mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ẹ gún atalẹ̀ tí ó tó oríkèé ìka kan, ọmọ ààyù mẹ́ta àti ata rodo méjì, ẹ dà wọ́n sí i. Ẹ fi edé gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí kan kún un. Ó lè jọ yín lójú pé edé tún ń gun edé lórí, ṣùgbọ́n èyí tí ó gbẹ ni ó ń fún ọbẹ̀ ní ìtẹnu tí èyí tí ó tutù kò ní. Àwọn ará Ṣáínà a máa fi omi ẹ̀wà sóyà oníyọ̀ ṣe irú rẹ̀. Tiwa wà lọ́jà Kábà, ẹ kò nílò láti wá tiwọn kiri.

Páànù yín gbọ́dọ̀ gbóná gan-an. Ẹ da òróró ṣíbí mẹ́ta sí i, ẹ tẹ́ edé sí i kí wọ́n má gun ara wọn. Bí páànù bá kéré, ẹ dín in lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú kan fún ẹ̀gbẹ́ kan, ìṣẹ́jú kan fún ìkejì, ẹ kó o jáde sínú abọ́ mímọ́, kì í ṣe abọ́ tí ó wà kí ó tó jinná. Ẹ da àlùbọ́sà ńlá kan àti tàtàsé kan tí ẹ ti gé sínú òróró tí ó kù, ẹ rò ó títí yóò fi rọ̀. Ìgbà yìí ni kí ẹ dín iná kù, kí ẹ tó da omi oyin náà sí i, nítorí oyin kì í fara da iná ńlá. Yóò jóná, yóò sì korò. Bí ó bá ti hó tí ó sì ki díẹ̀, ẹ da edé padà, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Iṣu yín á ti rọ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìrẹsì lè fi jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo ti di ìyàwó Ìjùmú, iṣu ni mo mọ̀.

Oyin àti iyọ̀ nínú abọ́ kan kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn méjèèjì ni àgbà fi ń wúre fún ọmọ tuntun. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ dá mi dúró sí, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ju ti ọbẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kan tí mo se oúnjẹ yìí, ìyàwó àbúrò ọkọ mi wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ oṣù méje. Ọmọ náà ń na ọwọ́ sí abọ́, ìyá rẹ̀ sì ti fi ìka kan omi ọbẹ̀ náà láti fi sí i lẹ́nu. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Inú bí i. Ó rò pé ahun ni mo ń ṣe sí ọmọ rẹ̀. Mo ní kí ó jókòó kí n ṣàlàyé.

Nínú oyin, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó, irúgbìn kòkòrò àrùn kan tí ojú kò lè rí lè wà níbẹ̀. Inú àgbàlagbà kì í jẹ́ kí ó hù. Ṣùgbọ́n ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò tíì gbó tó láti dá a dúró. Ó lè hù níbẹ̀ kí ó sì máa tú oró sí i lára. Ìgbẹ́ ọmọ náà á dí, igbe rẹ̀ á rẹlẹ̀, kò ní lè fa ọmú dáadáa mọ́, ọrùn rẹ̀ á rọ, ìpéǹpéjú rẹ̀ á wálẹ̀, mímí lè di ìṣòro fún un. Ọmọ tí ẹ bá rí báyìí, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe àgbo. Ọdún 1976 ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀ lára àwọn ọmọ ọwọ́ ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe gbogbo oyin ni ó ní irúgbìn yìí, kì í sì ṣe gbogbo ọmọ tí ó lá a ni ó ń mú. Ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi lè sọ pé òun fi oyin tọ́ ọmọ mẹ́wàá, tí kò sì purọ́. Iná ìdáná wa kò lè pa irúgbìn náà, nítorí náà oyin inú ọbẹ̀ kò sàn ju oyin inú ìgò lọ fún ọmọ ọwọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, ẹ tètè bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ sì fi ìwọ̀fà bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi oyin kan ètè ìyá ọmọ dípò ti ọmọ, kí wọ́n sì wúre rẹ̀ ní kíkún. Mo ti wà níbi tí a ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Baba tí ó wúre kọ́kọ́ wo ojú wa, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí ọmọ kékeré bá wà nínú àwọn tí yóò jẹun, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n dáadáa rọ́pò oyin. Ẹ gé ìdajì ẹyọ kan wẹ́wẹ́, ẹ dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà títí yóò fi yọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì bu ti ọmọ sọ́tọ̀ kí ata àti iyọ̀ tó wọ̀ ọ́. Adùn rẹ̀ wúwo ju ti oyin lọ lẹ́nu, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà pẹ̀lú tí ara wọn kò gba edé rárá, yálà tútù tàbí gbígbẹ, sísè kò sì ń mú èyí kúrò. Ètè wọn a máa yún wọn, ara wọn a sú, ojú wọn a wú. Ti ẹlòmíràn a máa dé ọ̀nà ọ̀fun, kò sì ní lè mí. Bí ó bá dé ọ̀fun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Edé tútù kì í tan ènìyàn, ojú rí i. Edé lílọ̀ inú mọ́ín-mọ́ín àti inú ẹ̀gúsí ni ó ń fara pamọ́. Nítorí náà, ẹ bi àlejò yín léèrè kí ẹ tó bu oúnjẹ fún un. Ẹni tí kò bá lè jẹ akàn, ẹ ṣọ́ ọ pẹ̀lú edé.

Tí kò bá sí edé tútù, ẹ ra edé gbígbẹ tí ó tóbi, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì dà á sínú omi oyin náà nígbà tí ó bá ń hó. Àwọn ọlọ́jà kan a máa fi oògùn apakòkòrò pa kòkòrò inú edé gbígbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré oògùn dichlorvos ní ọjà. Bí edé bá ń rùn bí oògùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín. Èyí tí ẹ bá rà, ẹ sá a sí oòrùn gbígbóná kí ẹ sì dì í sínú agolo tí ó ní ìdérí líle.

Ó ku orí àti èèpo tí ẹ kó sọ́tọ̀. Ẹ dà wọ́n sínú omi ife mẹ́ta pẹ̀lú àlùbọ́sà kan, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì gbé omi rẹ̀ pamọ́ sínú fìríìjì. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ọ̀la ni ẹ ó fi sè.