Èdè Yorùbá nílé ẹ̀kọ́: Ẹ̀rí Ifẹ̀ wà nílẹ̀, ta ló wò ó?

Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ń gbọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì.

Dókítà Tunji Alausa, mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, ló kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní ibi tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ọ̀rọ̀ yìí gba ìbéèrè. Ọmọ tó wọ ìwé kìíní lọ́dún 2022 kò ní ṣe WAEC títí di ọdún 2034. Mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, pàápàá sọ pé ìlànà náà yóò ṣòro láti mú ṣẹ, nítorí ìwé àti olùkọ́. Ọbẹ̀ tí wọn kò tíì sè, ta ló lè sọ pé kò dùn?

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí gidi kò jìnnà sí Ẹdẹ. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A', Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta àwọn yòókù yọ nínú ẹ̀kọ́ tó kù. Nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an, wọn kò rẹ̀yìn.

Lóòótọ́, àwọn ọmọ yẹn ní ìwé tuntun àti olùkọ́ tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò ní. Kì í sì ṣe gbogbo ọmọ tó ń gbé Ẹdẹ ló ń sọ Yorùbá nílé. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n tún un wò. Òfin ilẹ̀ wa fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ lórí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí Ọ̀ṣun yan ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ ní Àríwá àti Gúúsù Ẹdẹ, kí wọ́n fi àwọn ọmọ wéra bíi ti Ifẹ̀, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ síta fún òbí.

Ìlànà tí wọn kò bá wọ̀n, bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ ni wọn yóò máa gbé e kúrò. Ọmọ ni yóò sì máa jìyà rẹ̀.