Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, bí ọ̀dọ́bìnrin kan bá ró Vlisco wá sí ibi òkú, tí ìyá àgbà kan sì ró aṣọ olówó pọ́ọ́kú, ta ni a máa ń kọ́kọ́ fún ní àga?

Láti ọdún 1846 ni ilé iṣẹ́ Vlisco ti wà ní ìlú Helmond, ní ilẹ̀ Họ́láńdì. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá oníṣòwò Lomé, tí a pè ní Nana Benz, ni wọ́n sọ àwọn aṣọ náà lórúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń wá wọn. Iyì tí a rò pé ó ti òkè òkun wá, àwọn ìyá wa ni wọ́n fi sí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, owó CFA wa já sí ìdajì. Aṣọ náà wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣé ìwà àwọn tí kò lè rà á mọ́ bàjẹ́ ní ọjọ́ náà ni?

Ẹ ti mọ ìwé kà. Ẹ ka ohun tí a kọ sí etí aṣọ yín. Ó sọ ẹni tó ṣe aṣọ. Kò sọ irú ẹni tó ró o. Àwa àgbẹ̀ Atakpamé mọ owú: kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ẹ jẹ́ kí a fún àgbà ní àga nítorí pé ó jẹ́ àgbà.