*TÉLỌ̀ KÌ Í GÉ AṢỌ LÁÌWỌN ẸNI*



Fídíò kan ń lọ káàkiri: ọkùnrin kan fi orí dúró, ó na ẹsẹ̀ sókè. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá ń ṣe yógà yìí láràárọ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀yìn ríro. Ẹ má gbà á gbọ́!

N kò bá yógà jà. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ka yógà mọ́ ohun tí ẹni tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́ lè kọ́kọ́ gbìyànjú kó tó lo oògùn. Ohun tí mo ń bá jà ni pípín in bí ẹni pín sàárà, tí gbogbo ọwọ́ ń gba bákan náà. Ọmọ ìka kò dọ́gba.

Àwọn tó ni yógà gan-an kì í fi wo aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Chennai, ní Íńdíà, T. Krishnamacharya (1888 sí 1989) máa ń yẹ aláìsàn wò kó tó kọ́ ọ ní ohunkóhun. Ọmọ rẹ̀, T. K. V. Desikachar, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1976 lórí ìlànà yìí: ohun tó bá ara ẹnì kọ̀ọ̀kan mu ni kí a kọ́ ọ. Ẹnì kan lè na apá àti ẹsẹ̀. Ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ mímí lásán lórí àga.

Kí ló burú nínú àwòkọ? Bí èèyàn bá dorí kodò, ìtì inú ẹyinjú rẹ̀ á ga sí i. Ewu ńlá nìyẹn fún ẹni tó ní glaucoma, àrùn tó ń fọ́ni lójú díẹ̀díẹ̀, tó sì wọ́pọ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ. Ọ̀pọ̀ ló ní in tí kò mọ̀. Ìyá àgbà tí eegun rẹ̀ ti gbẹ náà ńkọ́? Bó bá tẹ̀ síwájú jù, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè fọ́.

Nítorí náà:
✅ Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ojú yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
✅ Ẹ sọ gbogbo àìsàn yín fún olùkọ́. Èyí tí kò bá bi yín léèrè, ẹ sá fún un.
✅ Ẹ má ṣe torí yógà pa oògùn dókítà tì.

Aṣọ ẹgbẹ́jọdá pàápàá, télọ̀ á wọn oníkálukú kó tó gé e. Ṣé ara wa wá kéré sí aṣọ ni?

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí yín. Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà. 🙏🏾